Orúkọ Tí A Kì Í Pè Nílé

"Ìwọ ńkọ́, kí lorúkọ ẹ?"

"Bàbá."

Àwọn ọmọ kéékèèké tó jókòó sórí ẹní bú sẹ́rìn-ín. Habeeb, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lé Fẹ́rànmí lórí.

"Bàbá kì í ṣe orúkọ," Habeeb wí. "Bàbá wa ni Bàbá."

"Èmi ni Bàbá," ọmọ náà dáhùn. Kò tilẹ̀ yọ ìka lẹ́nu.

Abẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́yìn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ṣàngótẹ̀dó ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí, mò ń dúró kí n lè mú ọmọ tó ní Bàbá lòun yìí relé, nítorí ọmọ ọmọ mi ni. Ẹni tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè náà, ọmọ ọmọ mi ni. Ṣèyílọ́lá lorúkọ tirẹ̀, ó ti ń sún mọ́ ìparí ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Bíọ́dún, ọmọkùnrin mi tó ń ṣe bíríkìlà, ló bí àwọn méjèèjì. Nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ yìí ló kó ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìkìrun, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn wá nígbà tí ọmọ kékeré dé.

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ní ìtàn. Ọkọ mi ló kú kí a tó bí ọmọ náà. Àwọn ará ilé ní ká sọ ọ́ ní Babátúndé, Bíọ́dún ní rárá, orúkọ bàbá òun gan-an lòun fẹ́. Bí a ṣe sọ ọ́ ní Akínbọ̀dé nìyẹn. Orúkọ tó dùn ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é? Èmi kò lè pè é, ìyàwó kì í la ẹnu pe orúkọ ọkọ ní tiwa. "Ọkọ mi" ni mò ń pè é. Jùmọ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ kò lè pè é, orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Bíọ́dún náà ní òun kò lè máa pariwo orúkọ bàbá tó bí òun bí ẹni ń pe ajá. Bàbá ni tọkọtìyàwó ń pè é, Ṣèyílọ́lá sì fi Kékeré kún un. Nígbà tí ọmọ dé ilé ìwé, Àǹtí Bàṣírát tó ni ilé ìwé náà pe Akínbọ̀dé títí, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Lòun náà bá ń pè é ní Bàbá.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Nígbà tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ, ọmọ tó ń rá pàápàá, tó bá ti wà nínú ilé náà kí n tó dé, n kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi kan wà tí mo ń pè ní Akọ́wé títí ó fi hewú. Ọjọ́ tí a ń sin ín, àlùfáà ní Samson sùn nínú Olúwa. Mo yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, "Òkú ta ni wọ́n ń wí?"

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹní. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ló ń bọ̀. Olùkọ́ Ṣèyílọ́lá rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde ní méjì méjì, kí wọ́n lọ kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ẹ̀tọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan lápá Igbó Ẹfọ̀n yóò wá wò wọ́n ní gbọ̀ngán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Àwọn méjì tí ọmọ tiwọn bá mọ̀ ọ́n jù, fóònù tuntun ni wọn yóò gbà.

Fóònù yẹn ló gba ọkàn Ṣèyílọ́lá. Èyí tó ní, rọ́bà ló fi de ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà jábọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe fóònù náà ní "ẹrù dídì".

Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ náà, ó ń bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Tí ebi bá ń pa ẹ́, ta lo máa sọ fún?"

"Mọ́mì mi," Fẹ́rànmí dáhùn.

"Tí Mọ́mì ò bá sí ńlé ńkọ́?"

"Màá sunkún."

"Ẹ̀tọ́ ni ohun tó tọ́ sí yín, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi dù yín," Ṣèyílọ́lá ṣàlàyé. "Oúnjẹ tọ́ sí yín. Eré tọ́ sí yín."

Habeeb na ọwọ́ sókè. "Ẹran tọ́ sí mi. Ẹran kí n tó jẹ ẹ̀bà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ní ayé tiwa, ọmọ tó bá fọwọ́ kan ẹran kí ọbẹ̀ tó tán, ìtàn rẹ̀ á dé ilé kejì.

Ṣèyílọ́lá wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ara yín, tiyín ni. Tí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn yín níbi tí kò yẹ, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá sá," gbogbo wọn wí.

"Tó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni ńkọ́?"

Fẹ́rànmí ló sọ̀rọ̀. "Màá sọ fún Mọ́mì, màá sọ fún Àǹtí, màá sì sọ fún ìyá arúgbó yẹn." Èmi ló nàka sí. Inú mi dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pè mí ní arúgbó.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan orúkọ, tí ọmọ wa ní Bàbá lòun. Olúwatósìn, ọ̀rẹ́ Ṣèyílọ́lá tí wọ́n jọ rán wá, fara ti igi furúùtù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá súnmọ́ wọn.

"Ṣèyí, o ò rí i pé ilẹ̀ ń ṣú lọ? Ẹ̀rín ni gbogbo èyí. Àwọn tó lọ sí Lakowe, ọmọ tiwọn ti ń kà á bí ẹni ń mumi."

"Wọ́n mọ ohun tó túmọ̀ sí?"

"Ta ló máa bi wọ́n? Àwọn ọ̀gá yẹn á jókòó, wọ́n á gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó ń dán lẹ́nu ọmọ kékeré, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó parí. Àbí o fẹ́ máa de rọ́bà mọ́ fóònù títí o fi máa wọ yunifásítì?"

"Bàbá Kékeré ò mọ orúkọ ara ẹ̀, Tósìn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìyẹn."

"Orúkọ tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè pè nílé? Fi í sẹ́yìn, kó kàn máa la ẹnu."

Ṣèyílọ́lá wò mí. Mo ní, "Ayékòótọ́ náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilé ta ni wọ́n ti ń rán an níṣẹ́?"

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, màá kọ́ ọ."

Ó dìde kúrò lórí ẹní. Ó ní kí àwọn ọmọ tò. Ọ̀nà tó yàn nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, àwítúnwí ni. Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ Ṣèyílọ́lá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ. Mo ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ. Mo ní ẹ̀tọ́ láti lọ sílé ìwé, láti ṣeré, láti sọ tinú mi, kí ẹnikẹ́ni má sì fìyà jẹ mí. Ta ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n? Ọkọ mi ni. Ó ń kà á nínú báàfù, ó ń kà á lórí pó. Bí mo bá ń fún un lẹ́kọ, á gbé e mì, á ní òun ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ, á tún la ẹnu fún ẹ̀kọ. Tósìn fúnra rẹ̀ ló fà á láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó tún rántí pé ó yẹ ká kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé pé. Gbọ̀ngán kún. Ilé iṣẹ́ náà pín ẹ̀wù funfun fún gbogbo ọmọ ilé ìwé tó wá, gbogbo wọn wá rí bí agbo adìyẹ funfun. Nígbà tó kan àwọn tiwa, ọmọ wa dúró ṣánṣán níwájú, ó kà á láìkọsẹ̀. Ìyáàfin Ọláyọdé, ọ̀gá tó ṣáájú àwọn adájọ́, dìde dúró láti pàtẹ́wọ́. Tósìn fún Ṣèyílọ́lá ní ìgúnpá. Wọ́n ti rí fóònù náà gbà lójú ara wọn.

Àwọn adájọ́ bọ́ sí yàrá kan láti gbìmọ̀. Wọ́n pín bisikíìtì fún àwọn ọmọ, wọ́n ní kí olúkúlùkù mójú tó ọmọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti to àwọn fóònù náà sórí tábìlì kan níwájú.

"Ká kàn lọ wò ó," Tósìn wí. "Wíwò ò ní kó bàjẹ́."

Wọ́n lọ wò ó. Ibi tí wọ́n ti ń wò ó ni ọkùnrin kan tó ń ta bàlúùnù ti gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ìgbà tí Ṣèyílọ́lá fi máa yíjú padà, bisikíìtì ọmọ náà nìkan ló kù lórí àga.

Ẹsẹ̀ ò gbèrò mọ́. Jùmọ̀kẹ́ ká ọwọ́ lérí, ó gba apá ọ̀tún lọ. Bíọ́dún gba apá òsì. Sísọnù nìkan kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Lẹ́yìn ọjà yẹn ni títì márosẹ̀ wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá kí Bíọ́dún níhìn-ín, ewúrẹ́ á sùn sáàárín títì náà, ọkọ̀ á yà fún un. Lónìí, àgbàlagbà pàápàá ń ké pe Ọlọ́run kó tó sọdá.

Ṣèyílọ́lá sáré títí ó fi bá Àṣírù pàdé. Ọmọkùnrin kan ni, tó máa ń ta àgbo nínú ọjà, tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí bárò. Ó wà lẹ́nu ìpolówó.

"Jẹ̀díjẹ̀dí tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó, ẹ̀yìn ríro tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ dìde..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, àbúrò mi ti sọnù. Akínbọ̀dé lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ẹ̀wù funfun ló wọ̀."

Àṣírù ò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó ní, "Ẹ gbé jẹ̀dí tì ná. Ọmọ sọnù o. Ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀wù funfun, Akínbọ̀dé lorúkọ rẹ̀. Akínbọ̀dé, tóo bá ń gbọ́ mi, dáhùn o."

Kò sí ìdáhùn.

Ọmọ náà ò jìnnà o. Ìyá Ọládayọ̀, tó ń ta sílípáàsì, ló rí i níbi tó ti dúró, tó di okùn bàlúùnù tó ti bẹ́ mú. Òun ló sọ èyí tó kù fún wa lẹ́yìn náà. Ó gbé e jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fún un ní omi.

"Kí lorúkọ ẹ, ọmọ mi?"

"Bàbá."

"Mi ò bèèrè bàbá ẹ. Orúkọ tìẹ."

"Bàbá."

"Kí lorúkọ màmá ẹ?"

"Mọ́mì."

"Níbo lẹ̀ ń gbé?"

"Ilé wa."

Ọmọ náà rí i pé ojú obìnrin yìí ń le bí ojú àwọn adájọ́. Ó dìde, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó fi gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ fún un pé òun ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ, òun ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ. Ó kà á délẹ̀. Àwọn èèyàn pé jọ.

"Ọmọ yìí máa di lọ́yà," kọ̀ndọ́kítọ̀ kan wí.

"Lọ́yà tí ò mọ orúkọ ara ẹ̀," Ìyá Ọládayọ̀ dá a lóhùn.

Ìgbà yẹn ni ohùn Àṣírù dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyá Ọládayọ̀ di ọmọ náà léjìká mú. "Ṣé ìwọ ni Akínbọ̀dé?"

Ọmọ náà mi orí. "Akínbọ̀dé ti kú."

Ara obìnrin náà bù máṣọ. Ó sì ní ìdí tí ọmọ fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń dárúkọ náà nílé wa ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Bó bá wá láti Ìkìrun, á dojú kọ fọ́tò tó wà lára ògiri, á ní, "Akínbọ̀dé, o ò bá má tíì lọ." Ohun tí ọmọ gbọ́ ló sọ. Ọmọdé kì í purọ́ irú ìyẹn.

Ìyá Ọládayọ̀ ní ọmọ méjì ló sọnù lọ́jà lónìí, ọ̀kan tilẹ̀ ti kú. Ó pọn èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù kó lè gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Lọ́dọ̀ tiwa, Àṣírù ti pe Akínbọ̀dé títí ohùn rẹ̀ há. Ṣèyílọ́lá kàn dúró lójijì, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá, kò ní dáhùn. Kò mọ̀ pé òun ni. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè é, bẹ́ ẹ ṣe ń pè é nílé."

"Nínú ọjà yìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

Ó fà mí dé ìdí bárò. Àṣírù gbé nǹkan náà sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ọkọ mi o. Ọkọ mi dà? Ọkọ mi, èmi ni mò ń pè ọ́ o, wá ká lọ sílé."

Ohùn mi gba orí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọjà dà rú fún ẹ̀rín.

"Ìyá, irú ọkọ wo ló ń sá ní ọjọ́ orí yìí?" ọkùnrin kan bèèrè.

"Ẹ gbọ́ tiyín, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tèmi," mo dá a lóhùn. Ẹ̀rọ náà gbé ìyẹn náà jáde.

Lẹ́yìn Ìyá Ọládayọ̀, ọmọ ti ń ta ẹsẹ̀. "Màmá mi nìyẹn. Èmi ló ń pè." Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin náà tó fi sáré gbé e wá bá wa. Ṣèyílọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yanrìn, ó gbá a mọ́ra.

Ariwo yìí ti mú Ìyáàfin Ọláyọdé jáde nínú gbọ̀ngán. Ìyá Ọládayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́, ó fi ara ṣe bí ọmọ ṣe dúró, bó ṣe pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ìyáàfin náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí?"

Mo rí i tí Tósìn fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ Ṣèyílọ́lá. Ṣèyílọ́lá ì bá ní Àǹtí Bàṣírát ni. Ì bá ní ẹ̀rù ló kàn ba ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lára.

"Èmi ni, mà. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ. Mi ò kọ́ ọ lórúkọ ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ fóònù ni mò ń lé."

Ìyáàfin náà ò bá a wí. Ó wo àwọn ọmọ yòókù tó ti tò sẹ́yìn Àǹtí Bàṣírát, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Habeeb, ó fi Yorùbá bi í pé, "Kí ló ń jẹ́ ẹ̀tọ́?"

Habeeb ronú. "Fóònù," ó wí.

Àwọn méjì tó kọ́ ọmọ ní Ajah ló gba ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ tiwọn gbàgbé ìlà bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n, wọ́n ń fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Tósìn ò bá Ṣèyílọ́lá sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ṣèyílọ́lá nìkan ló padà sórí ẹní lábẹ́ igi furúùtù. Kò pẹ́ tí Tósìn fi yọ.

"Ẹ̀bùn ti tán. Kí lo wá ṣe?" Ṣèyílọ́lá bi í.

"Habeeb ò gbọ́dọ̀ dàgbà pẹ̀lú ìdáhùn yẹn," Tósìn wí, ó sì jókòó sílẹ̀.

Nílé, a ti ṣe tiwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bíọ́dún kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún fọ́tò ara ògiri. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú," ó wá yíjú sí ọmọ, ó ní, "Akínbọ̀dé." Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, òun náà pè é. Ó kàn mí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, orúkọ yẹn ò tíì kọjá ètè mi. Mo wo fọ́tò, mo wo ọmọ. Mo ní, "Akínbọ̀dé."

"Mà," ó dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún pè é."

Mo tún pè é. Àjà ò já lé mi lórí. Ó tilẹ̀ dùn lẹ́nu.

Láti ìgbà náà kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ fún awakọ̀, ó sọ ọ́ fún máígádì, ó lọ sọ ọ́ fún Ìyá Ọládayọ̀ pé Akínbọ̀dé ò kú mọ́. Lọ́jọ́ kan ó gbá mi lórúnkún mú.

"Màmá, ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ. Kí lorúkọ yín?"

Ìyá Bíọ́dún ni wọ́n ń pè mí nínú ilé, Màmá ni wọ́n ń pè mí níta. Ọjọ́ tí ìyá mi ti kú ni mo ti gbọ́ orúkọ mi kẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ sí i létí. "Àjíkẹ́ ni. Ṣùgbọ́n o ò gbọ́dọ̀ pè mí bẹ́ẹ̀ o."

Ó sáré dé ẹnu géètì, ó kojú sí àdúgbò, ó ní, "Àjíkẹ́ lorúkọ Màmá mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kàwé, ìdí tí mo fi sọ èyí kò ṣòro. Bẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọmọ kékeré ní ohun tó tọ́ sí i, ẹ má kọ́ ọ nítorí àtẹ́wọ́. Ẹ jókòó tì í, kó yé e, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ dìde bí Ṣèyílọ́lá, ẹ ní èmi ni. Ẹrù dídì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní, rọ́bà mìíràn ló fi dè é. Òun ló fi pè mí lánàá, tó ní, "Àjíkẹ́, ẹ ti jẹun?" Mo ní, "Ọmọ burúkú." Inú mi sì dùn.